ỌKỌ̀ ORÍ WÁYÀ: TA NI WỌ́N ṢE É FÚN?

    Lọ́dún yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nahawu tàbí sarufu ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí, tí n kò rí ìdáhùn gidi fún ní ọjọ́ náà.

A ń ka ojú ewé kan láti inú ìwé ìròyìn èdè Lárúbáwá, lórí ìlú kan ní Àlùjíríà. Àwòrán kan wà níbẹ̀: àwọn yàrá kéékèèké onígíláàsì tí wọ́n so kọ́ sórí wáyà, tí wọ́n ń kọjá lókè ọ̀gbun jíjìn kan. Àwọn èèyàn jókòó sínú wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, obìnrin kan sì gbé báàgì ọjà lé orí itan. Ọmọ yìí wo àwòrán náà títí, ó wo ojú fèrèsé, ó wo àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú wa, ó ní: "Ùsítáàsì, ṣé ọkọ̀ yìí kò lè gun òkè wa, kí ìyá àgbà mi má baà máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko mọ́?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo sọ fún un pé n óò wádìí rẹ̀, n óò sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo rí nìyí.

ORÚKỌ RẸ̀ ÀTI BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní tilifirīk, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé. Àwọn ará Àlùjíríà tún ń pè é ní mas‘ad hawā’ī, ìyẹn ni ohun tí ń gbéni gòkè nínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé kíláàsì gíga yóò rántí ọ̀rọ̀ mu‘allaq, ohun tí a so kọ́, nítorí pé láti ara rẹ̀ ni orúkọ àwọn ewì àtijọ́ tí à ń pè ní Mu‘allaqāt ti wá. Ọkọ̀ yìí náà, mu‘allaq ni. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti rí i ní Obudu ń pè é ní kébù káà. Ní tèmi, ọkọ̀ orí wáyà ni n óò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kí a fi ohun tí a mọ̀ ṣàlàyé ohun tí a kò mọ̀. Gbogbo wa la ti rí akọpẹ níbi tó ti ń gun ọ̀pẹ. Igbà tó fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká nìkan ló gbé e dúró. Kì í ṣe agbára apá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó já bọ́, igbà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ orí wáyà. Kò ní táyà, kò ní ọ̀nà ọ̀dà, yàrá tí èrò jókòó sí kò sì ní ẹ́ńjìnnì nínú. Okùn ni ohun gbogbo.

Okùn náà kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di okùn kan, wọ́n á tún lọ́ irú okùn bẹ́ẹ̀ mélòó kan pọ̀ mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ran òwú. Bí wáyà kan bá já nínú rẹ̀, àwọn tó kù ṣì ń gbé ẹrù náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á hun orí okùn náà mọ́ ìdí rẹ̀, yóò di òrùka gbọọrọ kan tí kò lórí tí kò nídìí. Wọ́n á fi òrùka yìí kọ́ kẹ̀kẹ́ irin ńlá méjì, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀kan lókè téńté. Iná mànàmáná ni yóò máa yí ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń yí, okùn á máa lọ, á máa bọ̀, láìdúró. Àwọn òpó irin gíga ni wọ́n rì sí ojú ọ̀nà láti gbé okùn náà ró.

Ẹ óò wá béèrè pé, bí okùn kò bá dúró, báwo ni èrò ṣe ń wọlé? Ọwọ́ irin kan wà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan tó di okùn mú gírígírí. Bí yàrá bá ti wọ ibùdó, ọwọ́ yìí á tú okùn sílẹ̀. Okùn á máa sáré lọ ní tirẹ̀, yàrá á sì máa rọra yí ká inú ibùdó bí ẹni tí ń rìn gbẹ̀fẹ́. Ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ á sọ̀, ẹni tó fẹ́ wọlé á wọlé, ilẹ̀kùn á tì, ọwọ́ irin á tún gbá okùn mú, ó di òkè. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 18 sí 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ dáadáa lè sá tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ orí wáyà kì í rí gósíló, kì í yí kọ́nà, kì í sì í dúró de èrò kó tó kún.

Oríṣi kejì wà tó jẹ́ yàrá ńlá méjì péré. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀kalẹ̀, bí òṣùwọ̀n tó ní apá méjì. Irú rẹ̀ ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Erékùṣù Roosevelt lọ sí Manhattan ní New York ní ọdún 1976.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Bí yàrá kan bá gba èèyàn 10, tí yàrá kan sì ń kúrò ní ibùdó ní ìṣẹ́jú-àáyá 12 kọ̀ọ̀kan, yàrá 5 ni yóò lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èèyàn 50 nìyẹn. Ní wákàtí kan, ó di èèyàn 3,000. Bí ẹ bá fẹ́ fi bọ́ọ̀sì elérò 14 kó wọn, ẹ óò wá bọ́ọ̀sì tó lé ní 200. Síbẹ̀, kí a má ṣe àsọdùn: ọkọ̀ ojú irin ńlá ti inú ìlú lè kó èèyàn 30,000 ní wákàtí kan. Nítorí náà, ọkọ̀ orí wáyà kì í ṣe ọba gbogbo ọkọ̀. Ibi tí ọkọ̀ mìíràn kò lè dé ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

ÌDÍ TÍ ÈÈYÀN FI Ń GBÉ ORÍ ÒKÈ

Àwa ará Okun kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ó ń mú èèyàn gun òkè. Ní ayé ogun Núpé, ní nǹkan bí igba ọdún sí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ńlá wa sá lọ, nítorí pé ẹṣin àwọn ológun Bídà kò lè gun àpáta. Ilé Iṣẹ́ Royal Niger ṣẹ́gun Bídà ní ọdún 1897. Bí ìbẹ̀rù ogun ti ń lọ, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá síbi tí omi àti ọ̀nà wà. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ̀ pé orí òkè a máa gbani lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n a máa jìnnà sí ọjà.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé lónìí, ìtàn náà ṣì ń lọ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ti wọ́n, àwọn olówó ti rà á tán. Tálákà á gun òkè, á kọ́ ilé sí ibi tí kò sí ọ̀nà. Iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, ilé wà lókè, àtẹ̀gùn gbọọrọ ló sì wà láàárín méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Medellín, ìlú ńlá kan ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà. Àwọn tí ogun àti òṣì lé kúrò ní abúlé wọn ló kún orí àwọn òkè tó yí ìlú náà ká. Ìlú náà ṣí ọkọ̀ ojú irin ní ọdún 1995, ṣùgbọ́n àfonífojì ni ojú irin náà ń gbà, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè. Ní ọdún 2004, wọ́n na okùn láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan lọ sí àdúgbò Santo Domingo lórí òkè, nǹkan bíi kìlómítà méjì. Wọ́n pè é ní Metrocable. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé owó ọkọ̀ kan náà ni èrò ń san láti orí òkè títí dé inú ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó wà lókè kò san owó ìyà pé òun jìnnà. Wọ́n tún kọ́ ilé ìwé, ilé ìkàwé àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí àyíká ibẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé ìpànìyàn dínkù ní àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ yìí dé, ju bó ti dínkù ní àwọn àdúgbò tó jọ wọ́n tí kò dé. Kì í ṣe okùn nìkan ló ṣe é. Ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn, òun ló ṣe é.

Orílẹ̀-èdè Bòlífíà ni ó tún gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú La Paz wà nínú ọ̀gbun ńlá kan, ní nǹkan bíi 3,600 mítà sókè òkun. Ìlú El Alto jókòó sí etí ọ̀gbun náà lókè, ní nǹkan bíi 4,100 mítà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò kéékèèké ń gbé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà pupa. Ó fi ìṣẹ́jú 10 so ìlú méjèèjì pọ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2019, ọ̀nà 10 ni wọ́n ti ní, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 30 kìlómítà. Ilé iṣẹ́ Doppelmayr ti ilẹ̀ Ọ́síríà ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ìjọba wọn fúnra wọn, tí ń jẹ́ Mi Teleférico, ló ń darí rẹ̀. Níbẹ̀, ọkọ̀ orí wáyà kì í ṣe ohun ìgbafẹ́. Òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́.

ÀWỌN ARÁ WA NÍ ÀLÙJÍRÍÀ

Ẹ má rò pé òkè òkun nìkan ni irú nǹkan yìí wà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, Àlùjíríà ni ọ̀gá nínú rẹ̀. Láti ọdún 1956 ni ọkọ̀ orí wáyà ti ń gbé èrò lọ sí àdúgbò El Madania ní ìlú Algiers, kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1962 pàápàá. Ìlú Tlemcen, Tizi Ouzou àti Skikda ní tiwọn pẹ̀lú.

Èyí tó wà nínú àwòrán tí a rí ní kíláàsì ni ti Constantine, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Qusantīna. Àwọn olùkọ́ èdè Lárúbáwá mọ ìlú yìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Sheikh Abdulhamid Ibn Badis sí ní ọdún 1889, àgbà àáfà tó kó àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Àlùjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ ní ọdún 1931. Orí àpáta ni wọ́n tẹ Constantine dó sí. Odò Rhumel gé àpáta náà ní ọ̀gbun tó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí afárá Sidi M'Cid, tí wọ́n ṣí ní 1912, fi ga tó 175 mítà sókè odò náà. Afárá ni ìlú yìí fi ń gbé láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 2008, wọ́n fi ọkọ̀ orí wáyà kún un. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi orúkọ Ibn Badis pè. Ẹ ro èyí wò: aláìsàn tó wà ní ìkángun ọ̀gbun kan ń wo ilé ìwòsàn ní ìkángun kejì. Ojú rí i, ẹsẹ̀ kò lè dé ibẹ̀ kíá. Òun ni wọ́n na okùn fún.

Àwọn Faransé náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlú Toulouse ní ọdún 2022. Wọ́n so ilé ìwòsàn méjì àti yunifásítì kan pọ̀ pẹ̀lú okùn kìlómítà mẹ́ta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, wọ́n ṣí òmíràn ní ẹ̀yìn ìlú Paris, tó so àwọn àdúgbò tó jìnnà pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú irin.

NÍLÉ WA NÍBÍ

Nàìjíríà náà ti na okùn. Ní Obudu, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, oko màlúù kan wà lórí òkè, tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní ọdún 1951. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Donald Duke jẹ́ gómìnà, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ ńlá, wọ́n sì kọ́ ọkọ̀ orí wáyà síbẹ̀ ní ọdún 2005. Okùn náà gùn tó kìlómítà 4, ó sì ń gbéni gòkè ní nǹkan bíi 870 mítà láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà mọ́tò ibẹ̀, tó ń yí kọ́nà lórí kọ́nà, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwọn tó ń gbé lórí òkè náà tí wọ́n ń lọ sí ọjà lójoojúmọ́. Nígbà tí àlejò dínkù, tí owó àtúnṣe sì dínkù, okùn náà dúró, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò ó títí, mo rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ́ ló dá a dúró. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ìgbafẹ́, ọjọ́ tó bá dúró, ẹni tó fẹ́ gbafẹ́ á lọ síbòmíràn. Bí ó bá jẹ́ òun ni ìyá ọlọ́jà àti ọmọ iléèwé ń wọ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá dúró, ariwo á ta ní gbogbo ìlú, ìjọba kò ní lè sùn.

Èkó náà sọ pé òun yóò na okùn. Èkó kò ní òkè, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀sà, ó sì ní gósíló tó ju òkè lọ. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Babatunde Fashola jẹ́ gómìnà, láàárín 2007 sí 2015, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Ropeways Transport Limited jọ ṣe àdéhùn láti fi ọkọ̀ orí wáyà so Erékùṣù Èkó, Ìkòyí àti Victoria Island pọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn sì yọ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì wọ̀ ọ́. Ohun tí Èkó rí lò nígbẹ̀yìn ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, láti Mile 2 dé Marina. N kò sọ pé ìyẹn burú. Ìlú tí èèyàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ ní.

OKÙN TÍ KÒ RÍ ẸNI WỌ̀ Ọ́, ÀTI ÈYÍ TÍ OWÓ TÁN FÚN

Kí ẹ má baà rò pé Nàìjíríà nìkan ni nǹkan ti ń bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹlòmíràn. Ní ìlú Rio, ní Bùràsíìlì, wọ́n na okùn kọjá lórí àwọn òkè Alemão ní ọdún 2011. Tálákà ni ó kún ibẹ̀. Ibùdó 6 ni ó ní, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta àbọ̀. Ní ọdún 2016, owó tán lọ́wọ́ ìjọba, ọkọ̀ náà dúró, ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará òkè padà sórí àtẹ̀gùn, okùn sì wà lókè orí wọn tí wọ́n ń wò.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, wọ́n na okùn kọjá lórí odò Thames ní oṣù kẹfà ọdún 2012. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó fẹ́ wo ìlú láti òkè ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń fi lọ sí ibi iṣẹ́ kéré jọjọ, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń kọjá odò kan náà nítòsí ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Èkínní: kí okùn tó gòkè, kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Èkejì: kí a so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí tálákà lè san. Ẹ̀kẹta: owó tí a fi kọ́ ọ kò tó, owó tí a óò fi tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọọdún.

ÀMÁNÀ

Ohun kan kù tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ orí wáyà ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò rí. Nítorí náà, wọ́n ṣe ààbò sí i lóríṣiríṣi. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ́ńjìnnì mìíràn wà nílẹ̀ tí yóò fa gbogbo yàrá wọlé. Bí ìjì bá ń jà tàbí mànàmáná bá ń kọ lójú ọ̀run, wọ́n á dá a dúró. Wọ́n ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yẹ inú okùn wò, láti mọ̀ bóyá wáyà kan ti já níbi tí ojú kò tó. Nípa bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti mọ́tò ojú títì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òkè Mottarone, ní Ítálì, ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2021. Okùn tó ń fa yàrá ọkọ̀ náà já. Okùn mìíràn wà tí yàrá náà fi kọ́, bíréèkì kan sì wà tó yẹ kó gbá okùn yẹn mú lójú ẹsẹ̀. Bíréèkì náà kò mú nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti fi irin há a lẹ́nu, nítorí pé bíréèkì náà ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, ó ń dá ọkọ̀ dúró, wọn kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Èèyàn 14 kú. Ọmọdé kan ṣoṣo ló yè nínú gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà.

Ẹ̀yin ará, okùn já, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Nítorí ọjọ́ tí okùn bá já ni wọ́n ṣe ṣe bíréèkì. Ẹni tó há bíréèkì lẹ́nu ni ó da àmánà. Kò pinnu láti pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ ni. Àbí kì í ṣe ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn? Awakọ̀ tó mọ̀ pé bíréèkì mọ́tò òun kò dára, tó ní kí òun kàn dé Kàbà ná. Kọ́lékọ́lé tó yọ irin kúrò nínú òpó kí owó lè ṣẹ́kù. Olùkọ́ tó buwọ́ lu ìwé ọmọ tí kò mọ̀wé. Irin kan náà ni gbogbo wa ń há sí ẹnu bíréèkì.

Akọpẹ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó gun ọ̀pẹ, á fa igbà rẹ̀, á wo ojú rẹ̀ yí ká, níbi tó bá ti rí i pé ó ti ń gbó, kò ní gùn ún lọ́jọ́ náà. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀mí òun ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń yẹ okùn La Paz wò gbọ́dọ̀ ní irú ọkàn akọpẹ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ló wà lórí okùn.

ÌDÁHÙN MI FÚN ỌMỌ NÁÀ

Wàyí o, ìwọ ọmọ mi tó bi mí ní ìbéèrè, o mọ ara rẹ. Ṣé ọkọ̀ yìí lè gun òkè wa? Ó lè gùn ún. Okùn tó ń gun òkè Bòlífíà kò ní bẹ̀rù àpáta Ògìdì. Ṣé ó yẹ kí a na an síbẹ̀? Rárá. Ohun tó ń kó èèyàn 3,000 ní wákàtí kan, láàárín wákàtí díẹ̀ péré ni yóò ti kó gbogbo wa tán, tàgbà tèwe. Ìyókù ọjọ́ ni yóò fi máa lọ lófìfo, iná ni yóò sì máa jẹ. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Ìyá àgbà rẹ kò lè san án.

Ohun tí ìyá àgbà rẹ ń fẹ́ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ kí a ro ojú ọ̀nà oko, kí a gbé afárá kékeré sórí odò kí òjò má baà dí i mọ́nà, kí ọ̀kadà lè dé ibi tí iṣu rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí àwa jámáà lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀, kí a tó ké sí ìjọba. Ẹ̀yin òbí, èmi yóò kọ́kọ́ mú àdá tèmi wá bí ẹ bá dá ọjọ́.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o gbàgbé àwòrán náà. Àwọn ìlú kan wà ní Nàìjíríà tí okùn yẹ, àwọn ìlú tí òkè pọ̀ nínú wọn tàbí tí omi gé wọn sí méjì, tí èèyàn sì pọ̀ lọ bí omi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ na án, kí wọ́n má ṣe wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ lọ sí Ọ́síríà. Kọ́ ìṣirò rẹ dáadáa. Mọ bí iná mànàmáná ti ń ṣiṣẹ́ àti bí irin ti ń gbó. Má sì fi kéú rẹ sílẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni o ti kọ́ ohun tí àmánà jẹ́.

Bí o bá sì dé ibẹ̀, tí ọ̀gá rẹ bá sọ fún ọ pé kí o há bíréèkì lẹ́nu kí iṣẹ́ lè lọ, sọ fún un pé ní Ògìdì, a kì í gun ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà tí a kò yẹ̀ wò.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ wa, kí ó má jẹ́ kí okùn ẹnikẹ́ni nínú wa já lójijì. Àmín. Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi.